Kóòdù mi ń gba àpẹẹrẹ, ó ń kú ní test 5. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń bá wọn díje lórí Codeforces, ojúlé ìdíje kóòdù kíkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Newbie, ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá, ni mo ṣì wà, máàkì mi ò tíì dé 1200 rí. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé bí mo bá ka àlàyé ìbéèrè lẹ́yìn ìdíje, gbogbo rẹ̀ ló máa ń yé mi. Ṣùgbọ́n bí aago bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mi ò ní mọ ibi tí n ó ti mú un.

Èyí tó mú mi kọ̀wé lónìí kì í tiẹ̀ ṣe ìbéèrè ìdíje, ìdánrawò lásán ni. Mo fi nǹkan ilé wa rọ́pò ìtàn inú rẹ̀: àpò kajú N wà lórí ìlà, a mọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á wá béèrè nígbà Q pé láti àpò l títí dé àpò r, mélòó ni ìwọ̀n gbogbo wọn? N àti Q lè tó 200,000. Ìwọ̀n àpò kan lè tó 1,000,000,000. Ìṣẹ́jú àáyá 1 ni wọ́n fún kóòdù.

Mo kọ ọ́, mò ń ka àpò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti l dé r fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ó gba gbogbo àpẹẹrẹ. Mo fi ránṣẹ́, ó kú ní test 5, ìyẹn ìdánwò karùn-ún tí wọ́n fi ń yẹ kóòdù wò. Mo tún ibí ṣe, mo tún ọ̀hún ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo fi ránṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe kóòdù ni mo ń tọrọ o. Bí ẹ ṣe ń ronú ni mo fẹ́ mọ̀. Iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa níbí, láptọ́ọ̀pù mi kì í lò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ bí wọ́n bá mú iná lọ, nítorí náà mi ò ní àkókò tí mo lè fi ṣòfò.

Àǹtí Ìsánlú

Àbúrò, kú iṣẹ́. Kí ni wọ́n kọ síwájú test 5 yẹn? Ṣé Wrong answer ni àbí Time limit?

Ọmọ Kàbà

Time limit ni mà. Ẹ̀ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà.

Àǹtí Ìsánlú

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn kò jọra, ìtọ́jú wọn ò sì jọra. Wrong answer ń sọ fún ọ pé ìrònú rẹ ní àbùkù níbì kan. Time limit ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìrònú rẹ tọ̀nà, àmọ́ ọ̀nà tó gbà jìn jù. Bí o bá ń tún ibí ṣe, tún ọ̀hún ṣe, lórí ọ̀nà tó jìn, jíjìn náà ni yóò máa jìn.

Ìlà tó sọ pé N àti Q lè tó 200,000, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ kà kí n tó ka ìtàn rárá. Kọ̀ǹpútà tó ń yẹ kóòdù wa wò lè ṣe nǹkan bíi iṣẹ́ kéékèèké mílíọ̀nù 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bó bá jẹ́ èdè C++, nígbà mìíràn ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ ń ka àpò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti l dé r, fún gbogbo ìbéèrè. Bí wọ́n bá fún ọ ní 200,000 àpò, tí wọ́n sì béèrè nígbà 200,000, iṣẹ́ bílíọ̀nù 40 nìyẹn. Fi mílíọ̀nù 100 pín in: ìṣẹ́jú àáyá 400, ó lé ní ìṣẹ́jú 6. Wọ́n fún ọ ní ìṣẹ́jú àáyá 1! Ìṣirò yìí kò gba ju ìlà méjì lọ lórí ìwé, ì bá sì ti sọ fún ọ kí o tó kọ lẹ́tà kan pé ọ̀nà yẹn kò lè débẹ̀.

Ẹni tó kọ ìbéèrè ló fi nọ́ńbà yẹn síbẹ̀, ó sì ní ohun tó ń fi sọ fún ọ. Bí N kò bá ju 20 lọ, ó ń sọ pé o lè gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà yan nǹkan, torí 2 ní ọ̀nà 20 (2 ogún tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn) kò ju mílíọ̀nù kan lọ púpọ̀. Bí ó bá tó 5,000, lúùpù (àṣẹ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe) méjì tó wọnú ara wọn yóò kọjá. Bí ó bá wá di 200,000, ó ń sọ pé kí o tò wọ́n, tàbí kí o máa pín in sí méjì, tàbí kí o rìn ín lẹ́ẹ̀kan péré. Bí o bá rí 10 ní ọ̀nà 18, má tiẹ̀ ronú lúùpù rárá.

Ó yá, jẹ́ ká ṣe ti kajú yìí lórí ìwé. Àpò 5: 48, 52, 50, 61, 47. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè nǹkan kan, máa kó o jọ bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì kọ iye tí o dé sílẹ̀: 0, 48, 100, 150, 211, 258. Wọ́n wá béèrè àpò 2 dé 4. Iye tí o dé ní àpò 4 ni 211. Èyí tó wà ṣáájú àpò 2 ni 48. 211 yọ 48, ó ku 163. Lọ ro 52, 50 àti 61 pọ̀ kí o wò ó bóyá kì í ṣe 163. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ti di ìyọkúrò kan ṣoṣo. O rìn ín lẹ́ẹ̀kan ní 200,000, o dáhùn ní 200,000, ó tán.

0 tí mo kọ síwájú yẹn, má ṣe fò ó o. Ọjọ́ tí wọ́n bá béèrè láti àpò 1 ni wàá mọ ìwúlò rẹ̀.

Ọmọ Kàbà

Àǹtí, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ń rí "prefix sum" kiri, èmi rò pé nǹkan ńlá kan ni. Mo ti kọ ọ́, ó ti kọjá test 5. Ó wá dé test 7, Wrong answer. Mo wò ó títí, mi ò rí ohun tí mo ṣe.

Ará Mopa

Kí lo fi kó àròpọ̀ náà sí? Ṣé int, àpótí nọ́ńbà kékeré yẹn, ni?

Ọmọ Kàbà

int ni sà.

Ará Mopa

Òun náà nìyẹn. int ti C++ kò lè gbà ju 2,147,483,647 lọ. Àpò kan lè tó bílíọ̀nù 1, bí o bá ti ro mẹ́ta pọ̀ ó ti kún, ó sì lè yí padà di nọ́ńbà òdì láìsọ fún ọ. Àpò 200,000 lè dé 200,000,000,000,000. long long, àpótí tó tóbi jù ú lọ, ni kí o lò, ó ń gbà ju 9 ìlọ́po 10 ní ọ̀nà 18 lọ. Èmi máa ń ṣírò iye tó tóbi jù tí ìdáhùn lè jẹ́ kí n tó yan irú àpótí tí n ó kó o sí. Bí ìbéèrè bá ní "àròpọ̀" tàbí "ìsọdipúpọ̀" nínú, mi ò kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì, long long ni.

Lẹ́yìn náà, fi ios::sync_with_stdio(false) àti cin.tie(nullptr) sí òkè main rẹ, kí o sì lo '\n' dípò endl. Bí o bá ń ka nọ́ńbà 600,000, kíkà nìkan lè jẹ àkókò rẹ.

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀

Àwa tó ń fi Python kọ ọ́ náà ńkọ́? Orí fóònù ni mo ti ń kọ tèmi.

Ará Mopa

Fi sys.stdin ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, má ṣe máa pe input() nígbà 200,000. Bí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, PyPy ni kí o yàn nínú àwọn èdè tí wọ́n kó síbẹ̀, ó máa ń yára ju Python gidi lọ púpọ̀ bó bá jẹ́ lúùpù ni. Ti orí fóònù yẹn kì í ṣe ìdènà. Ṣáà ti máa ronú lórí ìwé kí o tó fọwọ́ kan fóònù.

Olùkọ́ Ìyàrà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì máa ń kó mẹ́jọ sí mẹ́wàá nínú wọn jọ lẹ́yìn ilé ìwé fún irú eléyìí. Kọ̀ǹpútà méjì la ní. Ọjọ́ mìíràn, kò sí iná tí a lè fi tan èyíkéyìí. Ohun tí mo wá sọ ti inú àìsí yìí wá, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ọmọ Kàbà, o ní bí o bá ka àlàyé tán, ó máa ń yé ọ. Ṣé o ti sọ ọ́ fún ẹnìkan rí? Kí ó yéni àti kí a lè sọ ọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Òfin tí mo fún àwọn ọmọ mi ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà àfi tó bá ti fi gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin sọ ojútùú rẹ̀ fún ọmọ mìíràn, lẹ́nu, láìdárúkọ kóòdù rárá. Ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún, iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó wá nǹkan tí yóò bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ kan. Ìbéèrè náà ni pé, bí a bá ní irú owó báyìí báyìí, ìwé owó mélòó ló kéré jù tí a lè fi san iye kan? Ọmọkùnrin kan dìde pé, "Ẹ máa mú èyí tó tóbi jù kọ́kọ́." Gbogbo wọn gbà, torí bí ìyá wọn ṣe ń ṣẹ́ owó lọ́jà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ owó Nàìjíríà kì í sì já a kulẹ̀. Ọmọbìnrin tó yẹ kó bà á jẹ́ dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ₦50 àti ₦20 nìkan ló kù nínú àpò màmá mi ńkọ́, tó sì fẹ́ san ₦60?" Wọ́n mú ₦50, ó ku ₦10, kò sí ohun tí wọ́n lè fi san án. Bẹ́ẹ̀, ₦20 mẹ́ta ni. Kíláàsì pa lọ́lọ́.

Ibẹ̀ la ti wọ dynamic programming, ìyẹn fífi ìdáhùn kékeré kọ́ ńlá, mi ò sì dárúkọ rẹ̀ fún wọn títí a fi parí. Mo ya àpótí sórí bọ́ọ̀dù fún ₦0, ₦10, ₦20, títí lọ. ₦0 kò gba ìwé kankan. ₦10 kò ṣeé san. ₦20 gba 1, ₦30 kò ṣeé san, ₦40 gba 2, ₦50 gba 1. Tó bá kan ₦60, ẹ wo ẹ̀yìn: bí ìwé tí a mú kẹ́yìn bá jẹ́ ₦20, a ti wà ní ₦40 tẹ́lẹ̀, 2 ló gbà, ó di 3. Bó bá jẹ́ ₦50, ₦10 la ti ń bọ̀, ₦10 ò sì ṣeé san. Nítorí náà 3 ni. ₦70 ńkọ́? Láti ₦50 tàbí ₦20, 2 ni. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló kun ìyókù. Ìgbà tí iná dé ní alẹ́, kóòdù náà kò gbà wọ́n ju ìlà mẹ́wàá lọ.

Ọmọ Kàbà

Olùkọ́, ẹ ṣé púpọ̀ sà. Àbúrò mi obìnrin ni n ó máa sọ ọ́ fún, ìránṣọ ló ń kọ́, ó sì mọ àríyànjiyàn ṣe.

Mo tún ní ọ̀kan. Òkìtì iṣu wà lójú ọ̀nà oko, ní títò. Ọkọ̀ kan ló fẹ́ kó wọn lọ sọ́jà ní ìrìn K, a ò sì gbọdọ̀ da títò wọn rú, a ò gbọdọ̀ gé òkìtì kan sí méjì. Kí ni agbára tó kéré jù tí ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní? Iye òkìtì, N, tó 200,000. Mo ti wò ó fún ọjọ́ méjì.

Àǹtí Ìsánlú

Yí ìbéèrè náà padà. Bí mo bá sọ fún ọ pé agbára ọkọ̀ jẹ́ 100, ṣé wàá lè sọ fún mi bóyá ìrìn K tó?

Ọmọ Kàbà

Bẹ́ẹ̀ ni mà. N ó máa kó o títí yóò fi kún, n ó wá bẹ̀rẹ̀ ìrìn tuntun. Lúùpù kan ni.

Àǹtí Ìsánlú

Bí 100 bá tó, ṣé 101 tó?

Ọmọ Kàbà

Ó tó. Á! Binary search ni, kí n máa pín in sí méjì.

Àǹtí Ìsánlú

Ìwọ lo rí i fúnra rẹ, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. Fi 30, 20, 50, 40, 10, 60 àti K = 3 ṣe é lórí ìwé kí o tó kọ ọ́.

Ọmọ Kàbà

Mo ti ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 210 tó jẹ́ gbogbo rẹ̀. Lórí ìwé, 90 ni mo rí: 30 àti 20; 50 àti 40; 10 àti 60. Mo dán 89 wò, ó di ìrìn 4. Kóòdù mi náà mú 90. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi K = 6 sí i, ó yẹ kó mú 60, 30 ló mú jáde.

Ẹ̀gbẹ̀ sí Lọ́kọ́ja

Wo òkìtì 60 yẹn dáadáa. Nígbà tí agbára ọkọ̀ jẹ́ 30, kí ni lúùpù rẹ ṣe tó débẹ̀? Kò lè gbé e, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìrìn tuntun, ó sì gbé 60 sínú ọkọ̀ 30 láìbi ẹnikẹ́ni. Ó ka ìrìn, kò ka ẹrù. Agbára tó kéré jù tí o gbọ́dọ̀ dán wò ni òkìtì tó tóbi jù, kì í ṣe 1. Bẹ̀rẹ̀ láti 60.

Mo mọ̀ ọ́n torí àṣìṣe kan náà jẹ wákàtí kan lọ́wọ́ àwa mẹ́ta níbi ICPC, ìdíje kóòdù àwọn yunifásítì, nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Níbẹ̀, ẹni mẹ́ta ni ẹgbẹ́ kan, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, wákàtí 5. Bí ẹ bá fi ojútùú tí kò tọ̀nà ránṣẹ́, tí ẹ sì wá yanjú ìbéèrè náà nígbẹ̀yìn, ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n ń fi kún àkókò yín fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Kàbà, ẹ̀ẹ̀mẹfà tí o fi ránṣẹ́ yẹn, ká ní ibẹ̀ ni, tí ẹ̀ẹ̀keje wá gbà á, wákàtí 2 gbáko ni wọn ì bá fi kún un. Nítorí náà a kì í wá àṣìṣe lórí kọ̀ǹpútà. A ń tẹ kóòdù sórí ìwé, ẹni tó kọ ọ́ á dìde kúrò, á lọ máa fi bírò tọ̀ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíràn á jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ìwọ tí láptọ́ọ̀pù rẹ kì í pẹ́ kú, ìlànà yìí bá ọ mu ju ẹni tó ní iná tọ̀sán-tòru lọ.

Ohun mìíràn tí mo ń ṣe nílé: mo máa ń kọ kóòdù méjì. Ọ̀kan ni ọ̀nà gígùn tó dá mi lójú pé ó tọ̀nà, tó ń gbìyànjú gbogbo nǹkan. Èkejì ni èyí tó yára. Mo wá kọ ọ̀kan kékeré tó ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà ṣákálá, N kò ju 6 lọ, nọ́ńbà kò ju 10 lọ, n ó jẹ́ kí méjèèjì máa dáhùn títí wọn yóò fi yapa. Ibi tí wọ́n bá ti yapa, ó máa ń kéré débi pé ojú lásán lè rí àṣìṣe náà. Ìdí tí N fi gbọ́dọ̀ kéré nìyẹn o.

Nípa kíka àlàyé, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni máa jìyà lórí ìbéèrè kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Wákàtí kan tó. Bí o bá wá kà á, pa á dé. Lọ sùn. Ọjọ́ kejì ni kí o kọ ọ́, láìwo ohunkóhun. Bí kò bá ṣeé kọ, kò tíì yé ọ.

Ọ̀kan tí mo fẹ́ sọ pẹ̀lú gbogbo ẹnu mi: bí ìdíje bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ má gbé ìbéèrè rẹ̀ wá síbí. Codeforces kò gbà á, èmi náà ò sì ní dáhùn. Láti 2024 ni wọ́n sì ti ṣòfin pé ẹ ò gbọdọ̀ gbé ìbéèrè ìdíje fún AI kó máa bá yín ronú. Ẹni tó bá ṣe é, nọ́ńbà rẹ̀ lè gòkè, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá jókòó níwájú kọ̀ǹpútà ICPC, òun nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá parí, ẹ gbé e wá, a ó jọ tú u palẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa mọ́.

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ béèrè kékeré kan. Nínú àwọn ìlànà tí a fi ń wá ojú ọ̀nà tó kúrú jù, ìgbà wo la ń lo BFS, ìgbà wo la ń lo Dijkstra?

Ará Mopa

Ká ní o fẹ́ lọ láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀. Bí ohun tí wọ́n béèrè bá jẹ́ ìlú mélòó lo máa gbà kọjá, gbogbo ojú ọ̀nà jẹ́ ọ̀kan náà, BFS ni. Bó bá jẹ́ owó ọkọ̀ ni, tí Kàbà sí Mopa ń gba iye kan, Mopa sí Ìsánlú ń gba òmíràn, Dijkstra ni. Àfi bí ojú ọ̀nà kan bá wà tó ń dá owó padà fún ọ, ìyẹn ni pé iye rẹ̀ jẹ́ òdì. Dijkstra máa ń ti ìwé ìlú kan pa lẹ́yìn tó bá ti gbà pé òun ti rí owó tó kéré jù débẹ̀, kì í padà ṣí i. Ojú ọ̀nà òdì lè sọ ìpinnu yẹn di irọ́. Bellman-Ford, ìlànà mìíràn tó lè gba iye òdì, ni kí o lò níbẹ̀.

Ọmọ Kàbà

Mo ti ṣe ti iṣu náà láti 60. Ó gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ti kajú náà ti kọjá láti àná pẹ̀lú long long. Mo sọ ti iṣu fún àbúrò mi kí n tó kọ ọ́. Ó bi mí pé bí òkìtì bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ńkọ́, mo lọ dán an wò, ó dáa.

Ìdíje wo ni kí n tún wọ̀ báyìí?

Àǹtí Ìsánlú

AtCoder Beginner Contest, ìdíje àwọn olùbẹ̀rẹ̀ lórí ojúlé AtCoder. Sátidé ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, aago 1 ọ̀sán tiwa, ìṣẹ́jú 100. Ti Codeforces sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 3 kọjá ìṣẹ́jú 35, wá Div. 3 tàbí Div. 4, ìpele rẹ ni wọ́n ṣe é fún. Láàárín ọ̀sẹ̀, CSES, àkójọ ìbéèrè ìdánrawò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni kí o máa ṣe, ṣí ojú ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà sílẹ̀ nígbà tí dátà bá wà, kí o dà wọ́n kọ sínú ìwé. Gba agbára sínú láptọ́ọ̀pù rẹ láti alẹ́ Fráídè.

Ọmọ Kàbà

Mo ti ra ìwé olójú ewé ọgọ́ta. Sátidé lẹ́yìn aago 3, n ó gbé èyí tí mi ò bá lè ṣe wá síbí.